Ìbéèrè Tí Ẹ̀rọ Bi Màmá Rótìmí

Àwọn ọmọ tó ń parí ilé ẹ̀kọ́ girama ní Ìgbó-Ọrà níbí máa ń yà sọ́dọ̀ mi níwájú ilé. Wọ́n á ní, "Bàbá Bùkọ́lá, iṣẹ́ wo la lè kọ́ tí a kò ní kábàámọ̀?" N kì í dá wọn lóhùn lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Mo máa ń ní kí wọ́n jókòó ná. Ẹni tí kò bá lè jókòó gbọ́ bí iṣẹ́ ṣe gba ayé ẹnì kan lọ, kò tíì ṣetán láti yan tirẹ̀. Ohun tí mo máa ń sọ fún wọn ni mo kọ síbí, àfi ìparí rẹ̀ nìkan. Oṣù tó kọjá ni ìparí náà ṣẹ̀ṣẹ̀ dé.

Iṣẹ́ mi kò ní orúkọ ńlá. Mo ń kọ́ àwọn tí kò fọwọ́ kan kọ̀ǹpútà rí bí wọ́n ṣe ń lo íńtánẹ́ẹ̀tì. Bí a bá ka ti ìwé títẹ̀ mọ́ ọn, ó lé ní ogójì ọdún tí mo fi ṣe é, nílé àti lẹ́yìn odi. Bí wọ́n ṣe gbà mí síṣẹ́ àti ohun tí wọ́n ń san kò gba ọ̀rọ̀ púpọ̀: wọ́n gbà mí, a jẹun, àwọn ọmọ kàwé. Mo sì ní àṣà kan láti ìgbà èwe. Bí ènìyàn bá sọ ọ̀rọ̀ tó wọ̀ mí lára, mo máa ń kọ ọ́ sílẹ̀ bó ṣe tẹnu rẹ̀ jáde. Nítorí náà, ọ̀rọ̀ àwọn ènìyàn tí ẹ máa bá pàdé níbí, tiwọn ni, n kò bá wọn tún un ṣe.

Èrúwà ni mo ti kọ́ṣẹ́, lọ́dọ̀ Ọ̀gá Ọlátúnjí, tó ní ilé ìkẹ́kọ̀ọ́ ìwé títẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibi tí ọkọ̀ Ìbàdàn ti ń gbérò. Ẹ̀rọ ìtẹ̀wé mẹ́fà ló ní, akẹ́kọ̀ọ́ méjìlá. Ọ̀gá kì í pariwo, kì í bú ènìyàn. Rúlà onígi kan ni kì í kúrò lọ́wọ́ rẹ̀. Yóò fi aṣọ dúdú bo ọwọ́ wa mọ́lẹ̀ lórí ẹ̀rọ kí a má baà rí lẹ́tà tí à ń tẹ̀. Bí ẹnì kan bá yọjú wo abẹ́ aṣọ, rúlà á bá a léegun ìka.

"Ojú lo fi ń tẹ̀ ẹ́," ni yóò wí. "Mi ò kọ́ ojú ẹ níṣẹ́. Ìka ẹ ni mò ń kọ́."

Mo sọkún lọ́sẹ̀ àkọ́kọ́. Ọ̀gá wò mí, ó ní, "Ìkòkò tí yóò jẹ ata," ó sì dákẹ́, ó ń dúró kí èmi fúnra mi parí rẹ̀. Mo parí rẹ̀ pẹ̀lú omijé lójú: ìdí rẹ̀ á kọ́kọ́ gbóná. Ó ní kí n máa tẹ̀ ẹ́ lọ.

Nígbà tí kọ̀ǹpútà dé, Ọ̀gá kó àwọn ẹ̀rọ ìtẹ̀wé sẹ́yìn ilé, ó lọ jókòó sí kíláàsì ní Ìbàdàn bí ọmọdé, ó padà wá kọ́ wa. Nígbà tí íńtánẹ́ẹ̀tì dé, ó ṣí kàfé, mo sì ti di igbákejì rẹ̀. Ìgbà náà ni àwọn àgbàlagbà bẹ̀rẹ̀ sí í wọlé tọ̀ wá, àwọn tí ọmọ wọn wà lókè òkun, àwọn olùkọ́ tó ti fẹ̀yìn tì. Ìgbà náà náà ni Ọ̀gá fi òfin méjì lélẹ̀ fún mi.

Òfin kìíní: mi ò gbọdọ̀ fọwọ́ kan máàsì akẹ́kọ̀ọ́. Ọwọ́ tíṣà, ẹ̀yìn tíṣà. "Bí o bá gbà á lọ́wọ́ ẹ̀," ni Ọ̀gá wí, "ìwọ lo tún mọ̀ ọ́n sí i. Òun á kàn máa wò ẹ́ bí ẹni ń wo onídán." Mo rú òfin yìí lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Mo gba máàsì lọ́wọ́ bàbá ọ̀gá ilé ìwé kan tó ń lọ́ra. Ọ̀gá ní kí n lọ dúró sẹ́nu ọ̀nà, kí n kó ọwọ́ méjèèjì sẹ́yìn títí a ó fi tilẹ̀kùn. Àwọn ọmọ poli ń kọjá, wọ́n ń bi mí pé kí ni mo jí.

Òfin kejì: "Má ṣe bá onílé tọ́jú kọ́kọ́rọ́."

"Kọ́kọ́rọ́ wo, sà?"

"Pásíwọ̀ọ̀dù. Bí akẹ́kọ̀ọ́ bá ń tẹ tiẹ̀, kọjú sógiri. Bó bá ní kó o bá òun tọ́jú ẹ̀, ní o ò ní àpò."

Láti ọjọ́ náà, mo pa òfin kìíní mọ́ títí mo fi fẹ̀yìn tì. Èkejì ni mo rú. Ohun tó ti ibẹ̀ yọ ló jẹ́ kí n lè pe èyí ní ìtàn.

Mo ti lé lógójì ọdún nígbà tí ẹgbẹ́ kan ń wá olùyọ̀ǹda ara ẹni tó gbọ́ Yorùbá tó sì mọ iṣẹ́ kọ̀ǹpútà, tí yóò lọ fi ọdún méjì kọ́ àwọn àgbà ní ìlú Kétu, ní orílẹ̀-èdè Bẹ̀nẹ̀. Mo sọ fún ìyàwó mi.

"Ẹ fẹ́ lọ ṣiṣẹ́ ọ̀fẹ́," ló wí.

"Ọdún méjì péré ni."

"Ọdún méjì péré. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ kọ ìyẹn náà sílẹ̀, ẹ̀yin tí ẹ máa ń kọ ọ̀rọ̀ ènìyàn sílẹ̀."

Mo gba Abẹ́òkúta, mo gba Ìmẹ̀kọ, mo sọdá. Ní òdìkejì, wọ́n kí mi ní èdè tí mo gbọ́, mo sì rò pé ilé náà ni mo wà. Àfi ìgbà tí mo jókòó sídìí kọ̀ǹpútà. Kíbọ́ọ̀dù àwọn Faransé ni. Wọ́n ti ṣí A kúrò níbi tí Ọ̀gá Ọlátúnjí ti fi rúlà kàn án mọ́ ìka mi, Q ni wọ́n fi síbẹ̀. Àkànní lorúkọ mi, mo tẹ̀ ẹ́, ó jáde bí èébì. Àwọn ìyá tó jókòó ń fi ìgbọ̀nwọ́ gún ara wọn.

"Tíṣà tó ní ká má wo ọwọ́," ni ọ̀kan wí, "òun ló ń wo tiẹ̀ yìí."

Mo tún di ọmọṣẹ́. Oṣù méjì kí ìka mi tó gbọ́ràn. Ó sì gbọ́ jù, torí pé títí di òní, bí ọkàn mi bá gbéra, Q ni ìka mi ń lọ bá dípò A.

Gbọ̀ngàn kékeré kan ni wọ́n fún wa, kọ̀ǹpútà mẹ́rin, ìdajì wákàtí fún ẹni kọ̀ọ̀kan. Mo ti múra sílẹ̀ fún wàhálà máàsì. Ìkíni ló kọ́kọ́ dá wa dúró. Àgbẹ̀ kan, Bàbá Ṣúlè, jókòó láti kọ̀wé sí ọmọ rẹ̀ ní Faransé. Ó fi ìka kan tẹ̀ ẹ́: ṣé dáadáa lo wà? Ìyàwó ńkọ́? Àwọn ọmọ ńkọ́? Àwọn tí ẹ jọ ń gbélé ńkọ́? Ọ̀gá rẹ níbi iṣẹ́ ńkọ́, àti ìyá rẹ̀? Ìdajì wákàtí pé.

"Tíṣà, mi ò tíì sọ ohun tó gbé mi wá."

Mo ní kó gé ìkíni kúrú. Ó wò mí títí, ó ní, "Kí n dé ilé ọmọ mi, kí n má kí ará ilé?"

Mo fún un ní ìdajì wákàtí mìíràn.

Ẹ̀yìn pátápátá ni ìyá kan máa ń jókòó sí. Ó ti lé ní ọgọ́ta ọdún, kì í sọ̀rọ̀. Ní ọjọ́ kan mo ń ṣàlàyé nǹkan, ó gbórí sókè lójijì.

"Tíṣà, ọmọ Ìbàràpá ni ọ́."

"Bẹ́ẹ̀ ni, mà. Ìgbó-Ọrà."

"Ìdèrè ni mí," ló wí, ó sì fi etí ìborùn rẹ̀ bo ẹnu.

Màmá Rótìmí nìyẹn. Ọkọ rẹ̀, tó ti kú nígbà náà, ló ń wá ra ẹ̀gúsí ní Ìdèrè nígbà èwe rẹ̀, ibẹ̀ ló ti rí i tó mú un wá sí Kétu. Ó ti ka ìwé dé kíláàsì kẹrin kó tó lọ sílé ọkọ. Ohun àkọ́kọ́ tó bi mí kì í ṣe nípa ènìyàn. "Igi ìyeyè tó wà lẹ́nu ọ̀nà ilé Alágbẹ̀dẹ, ṣé ó ṣì wà? Ìdí ẹ̀ ni mo jókòó sí tí mo sunkún ọjọ́ tí wọ́n ń mú mi bọ̀."

Mo ní mi ò mọ̀. Ojú tì mí bí ẹni tó jẹ̀bi, torí pé Ìdèrè kò jìnnà sí ilé wa rárá.

Ọmọ kan ṣoṣo ló kù fún un, Rótìmí, tó wà ní Gàbọ́ọ̀nù. Rótìmí ń pààrọ̀ nọ́ńbà fóònù bí ẹni ń pààrọ̀ ẹ̀wù, ṣùgbọ́n ó ní ímeèlì, ó sì rán ẹnì kan sílé pé bí Màmá bá lè ní tirẹ̀, òun á máa kọ̀wé. Ìdí tí Màmá fi wá jókòó sí kíláàsì mi nìyẹn.

Ọjọ́ tí a ṣí ímeèlì náà fún un, ẹ̀rọ béèrè pásíwọ̀ọ̀dù. Lẹ́yìn ìyẹn ó ní kó yan ìbéèrè kan tí òun nìkan mọ ìdáhùn rẹ̀, pé bí pásíwọ̀ọ̀dù bá sọnù, ìbéèrè náà ni wọn yóò bi í. Mo túmọ̀ wọn fún un láti Faransé, ó yan èyí tó ní: ta ni ọ̀rẹ́ rẹ àkọ́kọ́? Ó rẹ́rìn-ín músẹ́. Mo kọjú sógiri. Mo ń gbọ́ ìka kan ṣoṣo náà, tà, ó dákẹ́, tà, ó tún dákẹ́. Ó pẹ́ kó tó tán.

Ìgbà tí mo yíjú padà ló wí pé, "Tíṣà, bá mi tọ́jú pásíwọ̀ọ̀dù yìí. Orí mi ò gbà á."

Mo ní mi ò ní àpò.

"Ẹ gbọ́ o," ló wí fún àwọn yòókù. "Ẹni tó jẹ ẹ̀bà mi lánàá ní òun ò ní àpò."

Gbogbo wọn dá sí i. Bàbá Ṣúlè ní, "Àbí ọwọ́ wa ló dọ̀tí lójú Tíṣà?" Ẹ̀yin tí ẹ jẹ́ ọmọ ilẹ̀ yìí, ẹ mọ̀ ọ́n. Àgbà na nǹkan sí ọ pé bá mi tọ́jú rẹ̀, o ní o kò gbà: èébú ni. Mo ra ìwé ńlá kan tí ẹ̀yìn rẹ̀ le, mo kọ pásíwọ̀ọ̀dù gbogbo wọn sínú rẹ̀, ọ̀kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú orúkọ. Láti ọjọ́ náà, bí wọ́n bá ti wọlé, wọ́n á na ọwọ́: "Tíṣà, kọ́kọ́rọ́." Èmi á kà á fún wọn. Kí n má parọ́, ó dùn mọ́ mi. Ó máa ń dùn mọ́ ènìyàn kí àwọn tó dàgbà jù ú lọ má lè wọ ilé ara wọn láìkọ́kọ́ kí i.

Ọdún kan pé, mo wá sílé fún ìsinmi oṣù kan. Mo ti ìwé náà mọ́nú àpótí onígi ní igun gbọ̀ngàn. Nígbà tí mo padà, mo ṣí àpótí, ẹ̀yìn ìwé ṣì wà níbẹ̀ bó ṣe wà, aláwọ̀ búlúù, orúkọ mi lára rẹ̀. Mo gbé e. Ó fúyẹ́ bí ìyẹ́ adìyẹ. Mo ṣí i, erùpẹ̀ ló dà sí mi lẹ́sẹ̀. Ikán ti jẹ ẹ́ tán.

Ọ̀pọ̀ wọn kò rò ó sí nǹkan. Wọ́n tẹ àwọn ọmọ wọn láago, wọ́n ṣí ímeèlì tuntun. Bàbá Ṣúlè ní, "Ó dára. Màá tún kí wọn láti ìbẹ̀rẹ̀." Ṣùgbọ́n Màmá Rótìmí kò ní nọ́ńbà kankan tó ń lọ, àdírẹ́sì ọmọ rẹ̀ sì wà nínú ímeèlì tó tì pa. Lẹ́tà tí Rótìmí kọ gbẹ̀yìn sọ pé òun fẹ́ kúrò ní ìlú tí òun wà, pé òun á kọ̀wé láti sọ ibi tí òun ń lọ.

Màmá kò bínú sí mi. Ì bá sàn kó bínú. Ó jókòó, ó gbé ọwọ́ lé itan, ó ní, "Á kọ̀wé, mi ò ní dáhùn. Á tún kọ, mi ò ní dáhùn. Á ní mo ti kú. Ọmọ tó bá gbà pé ìyá òun ti kú, kí ló tún fẹ́ wá ṣe nílé?"

Mo ní, "Màmá, ọ̀nà kan kù. Ìbéèrè yẹn. Ta ni ọ̀rẹ́ yín àkọ́kọ́?"

"Àbúrò ọkọ mi. Ìgbà tí mo dé, gbogbo ilé ń pè mí ní àlejò. Òun ló mú mi mọ ọ̀nà odò."

"Kí lorúkọ rẹ̀?"

Ó ṣe bí ẹni fẹ́ sọ̀rọ̀. "Ṣé èyí tí…"

"Orúkọ rẹ̀ gan-an, mà," ni mo dá a mọ́ ẹnu. "Èyí tó wà nínú ìwé."

Ó wolẹ̀. Ó yí sí obìnrin tó jókòó tì í, ọmọ bíbí agboolé náà, ó ní, "Bá mi sọ fún un." Obìnrin náà ní Adébáyọ̀ ni. Màmá tẹ Adébáyọ̀. Ẹ̀rọ ní kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Ó tẹ Báyọ̀. Ó kọ̀ ọ́. Ó fi orúkọ bàbá ọkọ mọ́ ọn lẹ́yìn tí obìnrin náà ti bá a pè é. Ẹ̀rọ ti ara rẹ̀ mọ́ wa títí di ọjọ́ kejì. A tún ṣe bẹ́ẹ̀ lọ́jọ́ kejì. Lọ́jọ́ kẹta, ó kọ ọ́ sójú rẹ̀ ní Faransé pé ó ku ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo, pé bí a bá tún ṣì í, òun á tì í pa títí láé.

Mo ní kí Màmá gbé ọwọ́ kúrò. Mo jáde lọ sábẹ́ igi, mo tẹ ìyàwó mi láago ní Ìgbó-Ọrà, mo sì ro gbogbo rẹ̀ fún un, láti orí ikán títí dé orí Adébáyọ̀. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín.

"Bàbá Bùkọ́lá, àbúrò yín tó ń kọ́lé sí ọ̀nà Tápà, kí ni mo ń pè é?"

"Ọ̀gá Lọ́yà."

"Ṣé lọ́yà ni?"

"Télọ̀ ni."

"Ẹ ti gbọ́ orúkọ rẹ̀ lẹ́nu mi rí, láti ọjọ́ tí ẹ ti gbé mi wọlé?"

Mo ronú. Mi ò gbọ́ ọ rí.

"Ìyàwó ilé wo ló ń pe ọmọ ọkọ lórúkọ?" ló wí. "Ẹ ní kó mú orúkọ tó wà nínú ìwé wá. Ìwé ta ni? Ilé là ń wò ká tó sọmọ lórúkọ, ẹ̀yin ń wo ẹ̀rọ."

Inú àṣà yìí ni wọ́n bí mi sí. Ìyá mi ń ṣe é, ìyàwó mi ń ṣe é níwájú mi lójoojúmọ́. Ṣùgbọ́n ọkùnrin ni mí, wọn kò rán èmi lọ sílé ẹnikẹ́ni kí n lọ máa ṣọ́ ẹnu. N kò rí i.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì mo ní, "Màmá, ẹ̀yin fúnra yín, kí lẹ ń pè é?"

"Èmi?" Ojú rẹ̀ là fún ìgbà àkọ́kọ́ lọ́sẹ̀ náà. "Adúmáadán. Ó dúdú, ó ń dán. Mo fẹ́ sọ fún ọ lọ́jọ́sí, o ní èyí tó wà nínú ìwé lo fẹ́."

"Ẹ tẹ̀ ẹ́, mà."

Mo kó ọwọ́ sẹ́yìn bí Ọ̀gá Ọlátúnjí ṣe kọ́ mi. Mo kọjú sógiri. Tà, ó dákẹ́, tà. Nígbà tó yá, mi ò gbọ́ nǹkan kan mọ́. Obìnrin tó jókòó tì í ló sọ jẹ́jẹ́ pé, "Ó ti ṣí."

Lẹ́tà méjì ló wà níbẹ̀. Màmá fúnra rẹ̀ kà á, ètè rẹ̀ ń mì. Èkejì sọ pé: "Màmá, ìkejì rèé. Bí ẹ kò bá dáhùn èyí, màá mọ̀ pé ẹ ò sí mọ́." Ọjọ́ méjìlá ti kọjá lórí rẹ̀. Ó fi gbogbo àárọ̀ yẹn dáhùn. Mo rí ohun tó kọ, torí ó ní kí n wò ó: "Rótìmí, mo wà. Èmi ni mò ń tẹ̀ ẹ́."

Kò kí i. Bàbá Ṣúlè pàápàá kò bá a wí.

Fún ọjọ́ mẹ́sàn-án, ó ń wá láàárọ̀, ó ń padà lọ́sàn-án. Lọ́jọ́ kẹwàá, èsì dé, gbólóhùn kan: "Màmá, ta ló kọ́ yín?"

Ọjọ́ náà gan-an ló ní kí n kọjú sógiri, ó pa pásíwọ̀ọ̀dù rẹ̀ dà. "Èyí ò ní sí nínú ìwé ẹnikẹ́ni," ló wí. "Ìwọ náà, má bi mí. Ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ wọ ilé mi tí mi ò bá sí ńlé." Àwọn yòókù gbọ́. Láti ìgbà náà, kò sí ẹni tó na ọwọ́ sí mi mọ́ fún kọ́kọ́rọ́. Mo mọ̀ pé bó ṣe yẹ kó rí láti ìbẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Síbẹ̀, àárọ̀ ọjọ́ kejì gùn lójú mi.

Ọdún méjì pé. Màmá Rótìmí sìn mí dé ibi ọkọ̀. Ó ní, "Bó o bá délé, bá mi lọ wo igi yẹn."

Mo lọ kí ọ̀sẹ̀ tó pé. Ìjì ti wó o. Wọ́n ti gé igi rẹ̀ dáná, kùkùté ló kù. Ó gbà mí ní ọjọ́ mẹ́ta kí n tó lè kọ ọ́ sí i. Èsì rẹ̀ dé láàárọ̀ ọjọ́ kejì: "Ìyeyè kì í kú bẹ́ẹ̀. Máa bá mi wo ìdí rẹ̀."

Bẹ́ẹ̀ ni mo di ẹni tó ń wo ìdí igi. Bí mo bá ti kọjá ní Ìdèrè, mo máa ń yà, mo máa ń kọ̀wé: ó ti yọ ọ̀mùnú. Ó ti dé orúnkún. Ó ti dé àyà. Òun náà á kọ gbólóhùn kan tàbí méjì: Adúmáadán kí ọ. Rótìmí ní òun ń bọ̀ lọ́dún tó ń bọ̀. Ọdún tó ń bọ̀ náà á dé, á tún di ọdún tó ń bọ̀.

Nílé, iṣẹ́ ń yí padà lójú mi. Kàfé kún, kàfé ṣófo. Móódẹ̀mù dé, a rò pé a ti dé òpin ọgbọ́n, fóònù sì dé gbá gbogbo rẹ̀ dànù. Máàsì kò sí mọ́, àtàǹpàkò ló kù. Ọ̀gá Ọlátúnjí kú, mo lọ síbi ìsìnkú rẹ̀ ní Èrúwà, mo kó ọwọ́ sẹ́yìn títí wọ́n fi bo ilẹ̀. Mo fẹ̀yìn tì. Nísinsìnyí, mo máa ń rí àwọn ọmọ tó ń kọ́ ìyá àgbà wọn ní fóònù. "Màmá, ẹ mú un wá." Wọ́n á gbà á, wọ́n á tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀mejì, wọ́n á dá a padà. Ìyá àgbà á máa wò wọ́n bí ẹni ń wo onídán. Ẹ̀yin tí ẹ fẹ́ gba iṣẹ́ yìí, ibẹ̀ ni iṣẹ́ kù sí. Ohun tí mo ṣàárò jù nínú gbogbo ayé mi ni ìró ìka kan ṣoṣo lórí kíbọ́ọ̀dù, àti ìdákẹ́jẹ́ tó wà láàárín tà kan àti tà kejì.

Lọ́dún tó ṣáájú èyí tó kọjá, lẹ́tà Màmá Rótìmí dáwọ́ dúró. Mo kọ̀wé sí i, kò dáhùn. Mo tún kọ. Ìyeyè náà ti ga ju orí mi lọ, mo sọ fún un. Ó ti tanná. Ó ti so. Kò dáhùn. Eékún mi kò sì jẹ́ kí n lè wọkọ̀ dé Kétu mọ́.

Ìyàwó mi ní, "Ẹ kúkú mọ ìdáhùn ìbéèrè yẹn. Ẹ ṣí i wò, kí ọkàn yín balẹ̀."

Mo dé ibẹ̀ lóòótọ́. Mo gbé fóònù, mo tẹ àdírẹ́sì rẹ̀, ẹ̀rọ sì bi mí ní Faransé: ta ni ọ̀rẹ́ rẹ àkọ́kọ́? Lẹ́tà mẹ́sàn-án péré ni. Ìka mi ti ń lọ bá Q. Mo gbé fóònù kalẹ̀, mo kó ọwọ́ sẹ́yìn, mo sì kọjú sógiri pálọ̀ ara mi bí ẹni tí wọ́n ń bá wí.

Oṣù tó kọjá, èsì dé láti àdírẹ́sì Màmá. Mo ní kí ìyàwó mi wá jókòó tì mí kí n tó ṣí i. Bó ṣe wà nìyí:

"Tíṣà, ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta. Rótìmí ni. Mo padà sílé lọ́dún tó kọjá, mo sì bá Màmá láyé. Oṣù mẹ́jọ la jọ lò. Ojú wọn ti lọ kí n tó dé. Mo bẹ̀ wọ́n kí n máa bá wọn ka lẹ́tà wọn, wọ́n ní ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ wọ ilé àwọn tí àwọn ò bá sí ńlé, pé Tíṣà ló kọ́ àwọn. Wọ́n lọ ní oṣù méjì sẹ́yìn. Lẹ́yìn ìsìnkú, mo gbìyànjú ẹ̀, ẹ̀rọ bi mí ní ìbéèrè, mo sì rẹ́rìn-ín. Gbogbo ilé wa ló mọ ọ̀rẹ́ Màmá, a sì mọ ohun tí wọ́n ń pè é. Lẹ́tà yín méje ló wà níbẹ̀ tí ẹnikẹ́ni ò tíì ṣí. Ẹ ní ìyeyè ti so. Ṣé òótọ́ ni, àbí ẹ kàn fẹ́ tù wọ́n nínú ni?"

Ìyàwó mi di ọwọ́ mi mú. Mo ń ro lẹ́tà méje yẹn, tí wọ́n tò síbẹ̀ nínú òkùnkùn, àti ìyá tó jókòó tì wọ́n tí kò ríran. Mo kọ́ ọ dáadáa. Ẹ̀kọ́ tí mo kọ́ ọ dáadáa ni kò jẹ́ kó gbọ́ pé igi rẹ̀ so.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, mo gun ọ̀kadà lọ sí Ìdèrè, mo ní kó já mi sílẹ̀ níwájú ilé Alágbẹ̀dẹ. Èso ti jábọ́ ká gbogbo ìdí igi náà, ó pọ́n, ó ń ta sánsán, àwọn ewúrẹ́ ń jẹ nínú rẹ̀. Ìyá ilé kan yọjú, ó ní, "Bàbá, ṣé kí n bá yín ṣà á?"

Mo ní rárá, mo dúpẹ́. Mo jókòó sórí gbòǹgbò, níbi tí mo rò pé Màmá jókòó sí lọ́jọ́ tó ń sunkún. Mo yọ fóònù, mo sì tẹ èsì mi sí Rótìmí:

"Òótọ́ ni. Mi ò ní bá ọ ṣà á. Wá fi ọwọ́ ara rẹ ṣà á."